Ọwọ́ Tó Mọ Kábúrétọ̀

Ẹni tó bá ń wá Datsun tàbí Corolla àtijọ́ ní Adó-Èkìtì, ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ ni kó wò. Àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gbé e sí ibi tó tẹ́jú. Wọ́n á kọ imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á ki òkúta bọ ìdí táyà, wọ́n á sì wọlé lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí bátìrì kò dáhùn, wọ́n á yọ òkúta, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ fúnra rẹ̀, wọ́n á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ki í sí gíà kejì, wọ́n á tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnnì á sì gbà. Láti Òkèṣà dé Ìjìgbò, láti Bàṣírì dé Ajílósùn, àwọn òkè Adó ti ṣe iṣẹ́ sítátà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ọkọ̀ tí mò ń wí kò pọ̀ mọ́, àmọ́ wọn kò tíì tán. Datsun 120Y ti àárín àwọn ọdún 1970 ni àgbà wọn. Corolla ló tẹ̀ lé e: èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní KE30, tó jáde ní 1974, àti àbúrò rẹ̀ KE70 tó dé ní 1979, onígun mẹ́rin bíi páálí bàtà. Mazda 323 wà níbẹ̀, Honda Civic náà wà níbẹ̀. Ká má gbàgbé Datsun onípíkọ́ọ̀pù, tó ń ru iṣu àti kòkó láti oko wá sí ọjà, tí kò sẹ́ni tó ń yà á ní fọ́tò, àfi bí ó bá ru ìyàwó tuntun lọ́jọ́ kan.

Kékeré ni gbogbo wọn. Ẹ́ńjìnnì 120Y kò ju 1,171 cc lọ. 4K tó wà nínú KE70 jẹ́ 1,290. Peugeot 504, tó jẹ́ ọkọ̀ àwọn ọ̀gá nígbà náà, ju ìlọ́po kan ààbọ̀ ti 120Y lọ. Síbẹ̀, kò sí òkè Èkìtì tí ọkọ̀ kékeré yìí kò gùn. Ní 120Y àti Corolla, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà bí èrò bá kún ẹ̀yìn tí ẹrù sì kún búùtù, ṣe ni táyà ẹ̀yìn á túbọ̀ di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti wa 120Y láti Adó gba Ìyìn àti Àrámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tí mò ń sọ: gíà kejì, fèrèsé ṣíṣí, ojú lára ìwọ̀n omi gbígbóná, àti ọmọ kan lẹ́yìn tó ń bèèrè bóyá a ti dé.

Báwo ni ọkọ̀ àwọn ará Japan ṣe wá di ọkọ̀ tíṣà ní Èkìtì? Kì í ṣe pé a kò ní tiwa. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni owó Údójì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: ìgbìmọ̀ Údójì ti gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1974, nígbà tí ọdún yóò sì fi yí, owó oṣù ti fò sókè, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Owó àyálò ọkọ̀ tún wà, tí ìjọba ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù lọ́dún tó kọjá wá rí i pé òun lè ra mọ́tò. Ó wo Peugeot, owó rẹ̀ ga. Ó wo ìjàpá Volkswagen, ó ti rí i títí ó ti sú u. Ó wo Datsun, ó rí rédíò, ó rí ìjókòó tó rọ̀, ó rí owó tí kò pa á lára.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá bẹ́ sílẹ̀ ní 1973 tí owó epo rọ̀bì fò lọ sókè, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sá kúrò nínú ọkọ̀ ńláńlá, wọ́n ń wá Datsun, Toyota àti Honda kiri nítorí pé wọn kò lówó epo. Àwa ńkọ́? Owó epo kan náà ló kún àpò ìjọba wa débi pé tíṣà lè ra Datsun. Ohun tó mú wọn ra ọkọ̀ kékeré lọ́hùn-ún ni àìní. Ohun tó mú wa rà á níhìn-ín ni ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ kan, epo kan, ìdí méjì tó kẹ̀yìn síra.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀, Èkìtì sì wà nínú rẹ̀ títí di 1996. Nígbà tí Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà ní 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ilé ẹ̀kọ́ girama sì hù káàkiri àwọn ìlú kéékèèké. Ilé ẹ̀kọ́ nílò tíṣà, tíṣà nílò ohun tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé Adó tó ń lọ kọ́ni ní Ìlawẹ̀, ní Ìyìn, ní Ìwòrókò tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ní 1982, ilé ẹ̀kọ́ gíga politẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ ṣí wá sí Adó láti Jos, ọdún náà ni yunifásítì ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tuntun tún dé, pẹ̀lú ìwé owó àyálò lápò. Bí ẹ bá rí àpò méjì lára aṣọ tíṣà ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀kì ló wà nínú ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ Datsun nínú èkejì.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Olóyè Michael Adé-Òjó, tó dá Elizade sílẹ̀ ní 1971, tí Toyota sọ di ìlú mọ̀ọ́ká, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni. R. T. Briscoe náà ń ta Toyota. Àwọn àgbà wa lè rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, kí wọ́n bá ẹni tó gbọ́ Yorùbá ná an.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́kọ̀ náà wà ńbẹ̀. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, apá òsì ojú títì ni a ń rìn ní Nàìjíríà, bí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀, ìtọ́kọ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn ará Japan ní tiwọn ṣì ń rìn lápá òsì títí dòní. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ àlòkù tó ti ọwọ́ àwọn ará Japan jáde kì í fi í wọ ilẹ̀ wa. Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ló ń kó ìyẹn. Nígbà tí tòkunbọ̀ wá gbòde níbí, ọkọ̀ Japan tó ti kọ́kọ́ gbé ilé òyìnbó ni a ń rà, láti Bẹ́ljíọ̀mù, láti Jámánì tàbí láti Amẹ́ríkà, kó tó gba Kútọnu wọlé. Òun náà ló fà á tí àwọn oníṣòwò fi ń pe páàtì àlòkù ní Bẹ́ljíọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Japan ni wọ́n tẹ̀ sí ara irin rẹ̀ gbàǹgbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ìfẹ́ tí àwọn bàbá wa ní sí ọkọ̀ wọn ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. N kò gbà. Ní 1980, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní 1982, ìjọba Shagari fi òfin dín ọjà òkèèrè kù. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Tíṣà tó fi owó àyálò ra Corolla tuntun rí i pé òun kò lè ra òmíràn mọ́ láyé òun. Ohun tó kù fún un ni kó tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́. Àìrówó ra òmíràn ló bí ìtọ́jú náà. Ìfẹ́ dé lẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ ti ru ọmọ lọ ilé ìwé, ti ru òkú lọ ilé, tí ó sì ti jẹ́ ẹ̀rí ìgbà tí owó oṣù tíṣà ń ra mọ́tò.

Bó bá jẹ́ àìrówó ló fà á, ta ló wá jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ibí ni mò ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ni.

Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì A12 ti Datsun àti K ti Toyota ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò ní ju sípánà mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí ilẹ̀ lábẹ́. Ọwọ́ méjèèjì máa ń wọlé. Kábúrétọ̀ wà lápá kan, dísítríbútọ̀ kò fara pamọ́, ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bẹ́líìtì tó lè já lójijì. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ṣe é ni ojú lè rí, tàbí kí etí gbọ́ ọ, tàbí kí imú gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ lọ jókòó sí ìsọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan láàárọ̀ kí ẹ wo bí ó ṣe ń tún iná dísítríbútọ̀ ṣe. Yóò fi sáńpépà pa ojú kọ́ńtáàtì títí yóò fi dán. Yóò fi abẹ ìfárùngbọ̀n tàbí ègé páálí sìgá wọn àlàfo rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tú bóòtù ìdí dísítríbútọ̀ díẹ̀, yóò ní kí ọmọ iṣẹ́ máa tẹ epo, yóò sì máa yí i sọ́tùn-ún sósì, orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá yí i jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni pé wọ́n da òkúta sínú rẹ̀. Bó bá yí i kù, á máa wúwo, kò ní lè gun òkè. Ibì kan wà láàárín méjèèjì tí ohùn rẹ̀ ti ń dùn. Yóò dúró níbẹ̀, yóò di bóòtù. “Ṣé o gbọ́ ọ báyìí?” ni yóò bi ọmọ iṣẹ́. “Mo gbọ́ ọ, ọ̀gá.” Ọ̀gá mọ̀ pé kò tíì gbọ́ ọ. Ọdún púpọ̀ ni etí fi ń kọ́ ìyẹn.

Kábúrétọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò tóótòòtó inú rẹ̀ ni epo ń gbà, ìdọ̀tí tó kéré ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ sì lè dí i. Mẹkáníìkì yóò tú u sórí ìwé ìròyìn, yóò fi epo fọ̀ ọ́, yóò fi ẹnu fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, yóò tò ó padà láìsí ìwé kankan níwájú rẹ̀. Ìskúrù kékeré méjì ló kù: ọ̀kan fún ìmí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ dúró, ọ̀kan fún ìwọ̀n epo tí yóò máa mu. Àwọn tó bá sọ fún yín pé ọkọ̀ àtijọ́ kì í mu epo ń sọ ìdajì òótọ́. Bí ìskúrù yẹn bá yí kúrò ní ipò rẹ̀ díẹ̀, 120Y á mu epo bí ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ yìí kò tóbi nígbà tí lítà epo jẹ́ kọ́bọ̀ 20 ní 1982. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan sì ju 600 náírà lọ kí oṣù keje tó parí, ìskúrù náà ti di ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló dára. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń yọ tẹmosítáàtì jù nù bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan lórí òkè, pé ilẹ̀ wa gbóná, kò nílò rẹ̀. Ó nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ máa ń mu epo jù, ó sì ń tètè jẹ ara rẹ̀. Èyí tó ń gbóná lórí òkè, rédíétọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń dí nítorí omi odò tí wọ́n ń dà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí yín.

Èkìtì ni Ìrè wà, ìlú Ògún Onírè, ẹ̀sìn irin kò sì ṣàjèjì sí wa. Àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ tó ń bọ Ògún ṣì wà, àwọn tó ti di pásítọ̀ náà pọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, n kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn: àwọn méjèèjì ló máa ń pe orúkọ ẹni tí wọ́n gbà gbọ́ kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa páàtì. Àwọn ènìyàn rò pé òun ni ìṣòro. Datsun 120Y, ẹ̀yà Sunny ni. Nígbà tí Nissan kéde ní 1981 pé òun ń pa orúkọ Datsun tì, Sunny ń jáde lọ ní orúkọ Nissan, ọgbọ́n ọwọ́ mẹkáníìkì sì mọ èyí tó bá èyí mu. Corolla tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1966 tí ó ti jáde, Toyota ti ta ju àádọ́ta mílíọ̀nù lọ, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó tà tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ kan. Ohun tí kò bá sí, wọn á fi ti ọkọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀: ọ̀pá omi ti Mazda, fáànù tó ń fi iná ṣiṣẹ́ láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀, bátìrì èyíkéyìí tó bá ti gbà síbẹ̀. Ríwáyà yóò gé wáyà, yóò so wáyà. Ìpẹtà nìkan ni kò gbẹ̀bẹ̀. Òjò Èkìtì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, pánẹ́ẹ̀bítà á gé irin tó ti jẹ, á jó tuntun mọ́ ọn, á fi fílà pa á, á kun ún. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á fi ìka kàn án, á sì gbọ́ ọ.

Lọ́hùn-ún, níbi tí àìní ti mú wọn ra ọkọ̀ kékeré nígbà náà, ọlá ló ń mú wọn rà á báyìí. Datsun 240Z àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ohun tí àwọn olówó ń du ní Amẹ́ríkà. Toyota kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ọkọ̀ sí Nagakute ní Japan ní 1989. Nissan tilẹ̀ jí orúkọ Datsun dìde ní 2013, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú fún Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì tún sin ín ní 2022. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ kì í jáde nígbà òjò. Tiwa ní Adó, ó ń ru gaàrí lọ́jọ́ ọjà, ó ń gbé ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì tún ń bu omi sí i lójú ọ̀nà.

Ìrántí ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹni tó ni ín nìkan. Ẹ tú àwo fọ́tò ìdílé èyíkéyìí ní Èkìtì tó ní tíṣà nínú, ẹ óò rí i: bàbá wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ kan lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyá dúró lápá kejì, ọmọ jókòó láàárín lórí irin gbígbóná. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà náà rántí rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Bí ọyẹ́ bá mú tí Datsun ọ̀gá kò bá gbà, wọ́n á fọn fèrè, kíláàsì mẹ́ta á jáde láti tì í yí pápá ìṣeré ká. Bí ó bá gbà, èéfín á bò wọ́n, wọ́n á hó yèè. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti di ẹni ńlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí ohun tí ọ̀gá náà kọ́ wọn ní kíláàsì tó dáadáa bí ó ṣe rántí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìsí páàtì ni yóò pa àwọn ọkọ̀ náà, àìsí ọwọ́ tó mọ̀ wọ́n tún ṣe ni. Ọmọ iṣẹ́ tó bá wọ ìsọ̀ mẹkáníìkì lónìí, Corolla àti Camry tó ní kọ̀ǹpútà ló ń bá pàdé. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ni wọ́n fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀: wọ́n á ki í bọ abẹ́ ìtọ́kọ̀, nọ́ńbà á jáde lójú rẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa lọ rà. Kò sí àléébù nínú ìyẹn, òun ni iṣẹ́ ń pè fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé 120Y fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò wo abẹ́ ìtọ́kọ̀, kò ní rí ibi tí yóò ki í sí. Mo ti rí ọ̀kan tó ní kí wọ́n yọ kábúrétọ̀ kúrò pátápátá, kí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Àwọn àgbà tó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń dárúgbó, eékún ń dùn wọ́n, ojú kò ríran dáadáa mọ́ láti wo ihò kábúrétọ̀. Ọgbọ́n yẹn kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní fóònù lè ká ohùn àti ọwọ́ wọn sílẹ̀, àmọ́ fídíò kò lè kọ́ etí bí ọdún márùn-ún lábẹ́ ọ̀gá ṣe ń kọ́ ọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè KE70 báyìí, wọ́n rí i lórí Instagram, wọ́n fẹ́ràn ojú onígun rẹ̀. Inú mi dùn sí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́ ilẹ̀kùn àti nínú búùtù níbi tí táyà ìfipamọ́ ń gbé, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá tutù, bí omi rẹ̀ bá ní àwọ̀ ìpẹtà tàbí tó ní epo lójú, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ béèrè ìwé ọkọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti jìn sí inú àpótí bàbá tó ti kú, tí àwọn ọmọ kò sì ní ìwé tí wọ́n fi lè tà á. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè nọ́ńbà fóònù mẹkáníìkì rẹ̀, kí ẹ pè é níwájú ẹni tó ń tà. Bí wọ́n bá ní ó ti kú, ẹ yọ ìdajì kúrò nínú owó tí wọ́n dá.